Kónílé-ó-gbélé: Aláìnílé Ńkọ́?

Kónílé-ó-gbélé ni orúkọ tí Yorùbá fún òfin tí ó bá ti ìlú pa. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Láyé ìjọba ológun, bí rògbòdìyàn bá bẹ́ sílẹ̀ nígboro, tí wọ́n sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má yọjú síta, ohun tí àwọn oníròyìn orí rédíò ń pè é nìyẹn. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà gba ayé kan, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ lemọ́lemọ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣe rẹ́gí, ó sì rọrùn láti rántí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀ díẹ̀. Kí onílé ó gbé ilé. Onílé ni òfin náà ń bá wí. Ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé gbogbo ẹni tí ó ń gbọ́ àṣẹ yìí ni ó ní ilé tí yóò gbé. Aláìnílé kò sí nínú gbólóhùn náà; a kò dárúkọ rẹ̀, a kò sì sọ ohun tí yóò ṣe.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àròkọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé, tí wọ́n sì ní kí oníkálukú wọlé kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ni ìlú ń ṣe fún ẹni tí kò ní ilẹ̀kùn tí yóò tì? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí pé níbẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ohun tí òfin ilẹ̀ náà ti ń yẹra fún láti nǹkan bí irínwó ọdún. Lẹ́yìn náà ni n óò mú ọ̀rọ̀ náà bọ̀ wá sí Èkó, nítorí pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko.

Kí a sá wọlé fún àrùn kò ṣàjèjì sí àwọn baba ńlá wa. Àrùn tí wọ́n bẹ̀rù jù, ìyẹn ṣọ̀pọ̀nná, wọn kì í fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Wọ́n ń pè é ní Ilẹ̀gbóná, wọ́n ń pè é ní Baba, wọ́n sì ń pè é ní Olóde, ẹni tí ó ni òde. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oòrùn bá mú ganrínganrín, àgbà a máa kìlọ̀ fún ọmọdé pé kí ó yé rìn káàkiri lọ́sàn-án gangan, nítorí pé àkókò náà ni Olóde ń rìn. Ní ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ṣọ̀pọ̀nná ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà nínú orúkọ náà kò bá a lọ. Àrùn ni ó ni ìta. Ilé ni ààbò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sun ìta, inú ààfin àrùn ni ó ń sùn.

Lásìkò kòrónà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sọ pé àrùn náà kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Wọ́n ní ó mú alágbàṣe, ó mú olórí ìjọba. Òtítọ́ ni: ní oṣù kẹrin ọdún 2020, Boris Johnson tí í ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dèrò ilé ìwòsàn. Àwọn àgbà wa pàápàá ti sọ pé òjò kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji rí ni eji ń pa. Ṣùgbọ́n ìdajì kejì òwe náà ni ó yẹ kí a fi etí sí. Ta ni eji ń rí? Eji kì í rí ẹni tí ó wà lábẹ́ òrùlé. Ẹni tí ó wà níta ni ó ń rí.

Yorùbá ayé àtijọ́ lè fọwọ́ sọ àyà pé àwọn kò ní aláìnílé. Ẹni tí ó bá ti lè dárúkọ baba rẹ̀, kò ní ṣàìní yàrá kan nínú agbo ilé. Àlejò pàápàá, bí ó bá ti rí baálé kan tí ó gbà á, tí baálé náà sì mú un lọ fi han ọba, ó di ará ìlú. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún fọ́ ọ̀pọ̀ ìlú, síbẹ̀ àwọn tí ogun lé kò sùn sójú títì títí láé; àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n sá dé abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830 tẹ Abẹ́òkúta dó. Àṣà yìí dára, ó yẹ kí a yìn ín. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ìyìn bo ihò tí ó wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí agbo ilé ń bi ènìyàn ni pé, 'Ọmọ ilé wo ni ọ́?' Ẹni tí kò bá ní èsì fún ìbéèrè yẹn, ìta ni ilé rẹ̀. Adẹ́tẹ̀ ní ọmọ ilé tí òun í ṣe, síbẹ̀ ẹ̀yìn odi ni wọ́n ń kọ́ ahéré fún un. Àrùn lè gba ilé lọ́wọ́ onílé.

Ìyàlẹ́nu ni ó jẹ́ pé irú ìbéèrè kan náà ni òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bi òtòṣì wọn. Ní ọdún 1601 ni wọ́n ṣe òfin pé kí ìjọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan máa gba owó lọ́wọ́ onílé láti fi tọ́jú àwọn òtòṣì àdúgbò náà. Òfin ọdún 1662 wá fi kún un pé bí àlejò tí kò lówó bá wọ àdúgbò, wọ́n lè dá a padà sí ibi tí wọ́n bá gbà pé ó ti wá. Ìjọ àdúgbò ni agbo ilé tiwọn. 'Ọmọ àdúgbò wo ni ọ́?' ni wọ́n ń bèèrè kí wọ́n tó bu oúnjẹ síwájú ẹnikẹ́ni.

Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn òfin yìí ni àjàkálẹ̀ àrùn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1665, ó pa ènìyàn bí 100,000 nínú ìlú náà. Wọ́n ti ilé tí àrùn bá wọ̀ pa fún ogójì ọjọ́, wọ́n kun àgbélébùú pupa sí ara ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi ẹ̀ṣọ́ ṣọ́ ọ. Òtòṣì tí wọ́n bá tì mọ́lé a máa rí oúnjẹ gbà láti inú owó àdúgbò. Ṣùgbọ́n alágbe tí kò nílé ńkọ́? Àṣẹ tí olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù pa nípa tirẹ̀ ṣe kedere: kí wọ́n má gbà kí alágbe kankan rìn ní ojú pópó, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń tan àrùn kiri. Ẹni tí ó ní ilé, wọ́n tì í mọ́ ọn. Ẹni tí kò ní, wọ́n lé e. Ojú tí wọ́n fi wo asùnta nínú àjàkálẹ̀ àrùn ni pé òun ni àrùn náà gan-an.

Ojú yìí kò tètè yí padà. Ní ọdún 1824, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tí ó ti bá Napoleon jà ń rìn káàkiri láìníṣẹ́, wọ́n ṣe òfin kan tí ó sọ sísùn níta àti agbe ṣíṣe di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè tìtorí rẹ̀ sọ ènìyàn sí ẹ̀wọ̀n. Ó di ọdún 2022 kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó dìbò pé kí wọ́n fagi lé e.

Ọdún 1977 ni òfin kọ́kọ́ pàṣẹ pé ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ilé fún aláìnílé. Ìlọsíwájú ńlá ni. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹnubodè sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Èkíní, o gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí ọ̀ràn wọn ká ni lára jù: aboyún, abiyamọ, arúgbó, tàbí ẹni tí àìsàn sọ di aláìlágbára. Èkejì, kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ ni o mọ̀ọ́mọ̀ ba ilé rẹ jẹ́. Ẹ̀kẹta, o gbọ́dọ̀ fi hàn pé o ní ohun tí ó so ọ́ mọ́ àdúgbò náà, bíi iṣẹ́ tàbí ẹbí; ìbéèrè ọdún 1662 ni èyí, ẹ̀wù tuntun ni wọ́n wọ̀ fún un. Lẹ́yìn tí òfin ọdún 1999 lórí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì jáde, ẹnubodè kẹrin dúró gbọn-in: ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò fún ní ẹ̀tọ́ sí owó ìlú kò lè gba ìrànwọ́ ilé. Ọkùnrin tí ó dá wà, tí kò ṣàìsàn, tí ó wá láti ìlú mìíràn, a máa kọsẹ̀ lára ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àwọn tí wọ́n bá kọsẹ̀ báyìí ni àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ń gbà. Shelter bẹ̀rẹ̀ ní 1966, Crisis ní 1967, St Mungo's àti Centrepoint ní 1969. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú a máa rìn ní òru láti wá àwọn tí ń sùn sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀. Nígbà òtútù, àwọn ìjọ Kírísítì a máa pín ọjọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́: ìjọ kan á ṣí gbọ̀ngàn rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, òmíràn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, títí ọ̀sẹ̀ yóò fi yí po. Wọ́n á tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á fún àwọn ènìyàn ní oúnjẹ gbígbóná, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, oníkálukú á tún bọ́ sígboro. Ìgbà ìwọ́wé ọdún 2019 tí ìjọba ka àwọn tí ó sun ìta ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye tí wọ́n rí jẹ́ 4,266.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí kòrónà dé. Àrùn tí ń gba inú afẹ́fẹ́ ni, nítorí náà gbọ̀ngàn tí ogún ènìyàn sùn sí ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn di pańpẹ́. Kò sí iyàn nínú èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 2020, wọ́n yẹ ènìyàn 408 wò ní ilé àwọn aláìnílé kan ní Boston ní Amẹ́ríkà. 147 ni àrùn náà wà lára wọn, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni kò sì ní àmì àìsàn kankan. Àánú tí a ti ń fi gbọ̀ngàn ṣe láti ọdún yìí wá ni ó ti fẹ́ di ohun tí ń pani. Àwọn gbọ̀ngàn náà ti ilẹ̀kùn. Ilé ìkàwé tí asùnta ń wọ̀ láti yá oòru ti ilẹ̀kùn. Ilé ìyàgbẹ́ ìgboro, ilé oúnjẹ tí ń fi àjẹkù tọrẹ, gbogbo wọn ti ilẹ̀kùn. Ìwé ìròyìn Big Issue, tí àwọn aláìnílé ti ń tà lójú títì láti ọdún 1991 láti fi rí oúnjẹ jẹ, dáwọ́ títà lójú títì dúró ní oṣù kẹta títí di oṣù keje. Kò tilẹ̀ sí ẹni tí ń kọjá tí yóò ju kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún alágbe. Òde wá di ti Olóde nìkan.

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹta ni Johnson kéde kónílé-ó-gbélé. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ìwé kan jáde láti ọ̀dọ̀ Luke Hall, mínísítà tí ọ̀rọ̀ aláìnílé wà níkàáwọ́ rẹ̀, àti Louise Casey, obìnrin tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, tí ìjọba sì pè padà láti wá darí rẹ̀. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n kó gbogbo ẹni tí ó wà níta wọlé kí òpin ọ̀sẹ̀ náà tó kọjá. Gbogbo ẹni, láìka ẹnubodè kankan sí. Owó tí ìjọba kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ fún un kò ju pọ́n-ùn mílíọ̀nù 3.2 lọ. Gbogbo ènìyàn! Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi sọ ètò náà lórúkọ.

Mo fẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Òfin náà ti lé àwọn àlejò kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì, yàrá ṣófo, àwọn olówó òtẹ́ẹ̀lì sì ń wá ẹni tí yóò gbà á. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìjọba ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í háyà yàrá ṣáájú kí ìwé náà tó jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń rìn lóru ni wọ́n mọ ibi tí oníkálukú ń sùn sí. Àwọn ni wọ́n lọ jí wọn, tí wọ́n sì sọ fún wọn pé yàrá wà. Wọ́n pín àwọn ènìyàn náà sí ọ̀nà. Ẹni tí ó ní àmì àrùn lọ sí ibì kan tí àwọn dókítà wà nítòsí rẹ̀. Ẹgbẹ́ oníṣègùn Médecins Sans Frontières, tí a mọ̀ sí ojú ogun àti ibi ìyàn, wá bá wọn ṣe èyí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le, tí àrùn lè tètè pa, lọ sí ibòmíràn. Àwọn yòókù gba yàrá tiwọn. Oúnjẹ ń dé ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Nọ́ọ̀sì ń wá. Ẹni tí oògùn olóró ti di bárakú fún ń rí ìtọ́jú gbà níbi tí ó wà. Ẹni tí kò ní dókítà láti ọdún mélòó kan ní i. Ẹni tí kò ní fóònù gba fóònù kí wọ́n lè máa rí i bá sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ ni ó ṣe èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó pàṣẹ. Àwọn tí ó ṣe é ni akọ̀wé ilé ìjọba ìbílẹ̀ tí ń pe òtẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, agbáṣẹ́ṣe tí ń gbọ́únjẹ, ọmọ ìjọ tí ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ kó aṣọ kiri, àti òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú tí ó mọ asùnta ní orúkọ. Àṣẹ lè ti òkè wá. Ìsàlẹ̀ ni ìmọ̀ wà.

Nígbà tí oṣù kẹrin fi dé àárín, ènìyàn tí ó lé ní 5,000 ti rí yàrá. Ní oṣù karùn-ún, iye náà ti di 14,610. Nígbà tí yóò fi di oṣù kìíní ọdún 2021, àwọn tí ètò náà ti kàn lé ní 37,000. Nínú wọn, 26,167 ti kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì lọ sí ibùgbé tí ó dúró sójú kan. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé 4,266 tí wọ́n kà ní ọdún 2019. Ìyàtọ̀ náà fi hàn pé àwọn tí wọ́n ń kà lójú títì kò ju etí ọ̀rọ̀ lọ. Àwọn tí ń sùn sórí àga ọ̀rẹ́, àwọn tí ń gun bọ́ọ̀sì òru láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, àwọn tí ń sùn sí ibi iṣẹ́ wọn láìjẹ́ kí ọ̀gá mọ̀, ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí ni wọ́n tó jáde síta kí wọ́n lè wọlé.

Èrè rẹ̀ ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ìṣègùn tí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Lancet Respiratory Medicine ní ọdún 2020 fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ohun tí wọ́n ṣe nígbà ìjà àkọ́kọ́ àrùn náà gba ẹ̀mí 266 là láàárín àwọn aláìnílé, ó sì dènà kí ènìyàn 1,164 dèrò ilé ìwòsàn. Nínú aláìnílé bí 688 tí wọ́n fojú díwọ̀n pé wọ́n kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ní gbogbo ọdún 2020, bí 13 péré ni kòrónà ní ọwọ́ nínú ikú wọn. Ṣùgbọ́n iye kan náà yìí ni kò jẹ́ kí n yọ ayọ̀ àyọ̀jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣẹ́ kù, oògùn olóró ni ó pa wọ́n. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì lè dá àrùn dúró. Kì í mú ìdánìkanwà kúrò. Àwọn kan kò lè fara da òfin òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n padà síta. Àwọn mìíràn bá ara wọn ní àdúgbò tí ó jìnnà sí ẹni gbogbo tí wọ́n mọ̀. Ilé kọjá ògiri mẹ́rin àti ibùsùn, Yorùbá mọ èyí dáadáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá kan àwa gan-an ni ẹnubodè kẹrin. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ìwé wọn sọ pé wọn kò ní ẹ̀tọ́ sí owó ìlú, Yorùbá sì wà lára wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, ẹni tí ń fọ ilé iṣẹ́ lóru wà níbẹ̀, ẹni tí ìwé rẹ̀ ti tán ní ọjọ́ pípẹ́ wà níbẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà sùn sójú títì. Yàrá ará ilé tàbí ọmọ ìjọ rẹ̀ ni ó máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sí, ní Peckham tàbí ibòmíràn, nítorí pé àṣà agbo ilé wa bá wa sọdá òkun. Nígbà tí àrùn dé, iṣẹ́ bọ́, ẹ̀rù sì ba onílé tí ó ní ìyá arúgbó nínú yàrá kejì. Bí àlejò bá ní láti jáde, ibo ni yóò lọ? Bí kì í bá ṣe ti ìwé oṣù kẹta yẹn, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tí yóò dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kò pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún kíríkírí. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ tún kọ̀wé sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ó rán wọn létí pé òfin tí ó de àwọn tí kò ní ẹ̀tọ́ sí owó ìlú ṣì wà níbẹ̀, pé kí oníkálukú lo làákàyè rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ń gbà wọ́n, òmíràn ń lé wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ gíga. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, nínú ẹjọ́ tí ó kan Brighton, adájọ́ dá a pé ìjọba ìbílẹ̀ lè lo agbára tí òfin ọdún 1972 fún un lásìkò pàjáwìrì láti fi gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílé, níwọ̀n ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wà. Ẹ kíyè sí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn: níwọ̀n ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wà. Ẹ̀tọ́ tí ó so mọ́ ìbẹ̀rù, bí ìbẹ̀rù bá lọ, òun náà á lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Èkó. Ní ọdún 1924, àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì jà títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Ìjọba amúnisìn wo erékùṣù náà, ó ní àwọn ilé tí ó há gádígádí ni ó ń bí àrùn. Ní ọdún 1928 ni wọ́n dá àjọ tí yóò tún Èkó ṣe sílẹ̀, ìyẹn LEDB. Ohun tí àjọ náà fi bẹ̀rẹ̀ ni wíwó ilé ní àdúgbò bíi Oko Àwo, àti lílà ilẹ̀ sí Yaba fún àwọn tí yóò kó kúrò. Èrò wọn ni pé ìlera ni àwọn ń wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n wó yàrá rẹ̀, tí kò ní owó tí yóò fi kọ́ ilé sí Yaba, àrùn kò mú un, síbẹ̀ àjàkálẹ̀ àrùn ni ó sọ ọ́ di aláìnílé. Èyí ni òdìkejì ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2020.

Ní alẹ́ ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹta ọdún 2020 ni kónílé-ó-gbélé ti Ààrẹ Buhari bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú rẹ̀, Gómìnà Sanwó-Olú ti kéde oúnjẹ ìrànwọ́ fún ìdílé 200,000 láti fi bẹ̀rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé ni wọ́n fi ka ènìyàn, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò sì ni wọ́n gbà pín púpọ̀ nínú rẹ̀. Alábàárù tí ń sùn sínú ọjà kò sí nínú ìdílé kankan. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ tí ó fi ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ṣe ibùsùn kò sí nínú ẹgbẹ́ àdúgbò. Àwọn tí wọ́n ti wó ilé wọn ní Ọ̀tọ̀dò Gbàmẹ́ ní ọdún 2016 àti 2017, tí ó jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ti fọ́n ká tipẹ́. Ẹni tí a bá fi ilé kà, àyàfi bí ó bá ní ilé.

Kì í ṣe pé kò sí òtẹ́ẹ̀lì ní Èkó. Wọ́n wà, wọ́n sì ṣófo ní oṣù náà bí ti Lọ́ńdọ̀nù. Owó Èkó kò tó ti Lọ́ńdọ̀nù, èyí kò ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n kí owó tó kàn án, ìmọ̀ ni ó kọ́kọ́ kàn. Lọ́ńdọ̀nù ní òṣìṣẹ́ tí ó ti ń rìn lóru fún ogójì ọdún, tí ó mọ abẹ́ afárá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà. Èkó ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kó asùnta kúrò lójú títì. Iṣẹ́ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó bá ti ń sá fún ọ tẹ́lẹ̀, kò ní dúró gbọ́ ọ nígbà tí o bá gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá wá.

Nígbà ìwọ́wé ọdún 2020, iye àwọn tí wọ́n kà lójú títì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wálẹ̀ sí 2,688. Ní ọdún 2021, ó di 2,443. Lẹ́yìn náà ni àwọn òtẹ́ẹ̀lì gba àlejò wọn padà, owó pàjáwìrì tán, àwọn ẹnubodè sì padà sí ipò wọn. Ní ọdún 2024, iye náà ti gòkè dé 4,667, ó ti ju ti ìgbà tí àrùn kò tí ì dé lọ. A kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn: nígbà tí àrá kò sán mọ́, ta ni yóò rántí ẹ̀jẹ́ tí ó jẹ́ lábẹ́ òjò?

Síbẹ̀ ohun kan ti hàn tí kò ṣeé fi pamọ́ mọ́. Láti ọdún 1601, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ pé asùnta pọ̀ jù, pé owó kò tó, pé àwọn kan nínú wọn kò fẹ́ ilé, pé bí a bá gbà wọ́n, àwọn mìíràn yóò ya wọ̀lú. Nígbà tí ìlú rí i pé ikọ́ asùnta lè pa onílé, wọ́n gbé àwáwí wọ̀nyí sílẹ̀, wọ́n sì rí yàrá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àrùn tí ó ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Sísùn níta kì í ṣe àyànmọ́ ẹnikẹ́ni. Ìpinnu àwọn tí ó wà nínú ilé ni.

Lójú tèmi, ohun tí ọ̀sẹ̀ yẹn yí padà kò ju ìbéèrè kan lọ. Láti ọdún 1662 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, 'Ọmọ ilé wo ni ọ́?' ni a ń bèèrè. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń rìn lóru kò bèèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n bèèrè ni pé, 'Níbo ni o máa sùn lálẹ́ òní?' Kò sí ohun tí ó ní kí a dúró de àrùn mìíràn kí a tó tún un bèèrè. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta lè bẹ̀rẹ̀ nípa rírán ènìyàn díẹ̀ jáde lóru, kì í ṣe láti kó àwọn asùnta, bí kò ṣe láti mọ orúkọ wọn. Nígbà tí Olóde bá tún dé, a óò ti mọ ẹni tí a ń lọ jí.